Ó Tú Omi Pupa Sódò Ìyá Rẹ̀ Lọ́jọ́ Jímọ̀

Àwọn tó ń sọ ìtàn ara wọn fún mi, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bẹ̀ mí ni pé kí n yí orúkọ wọn padà. Obìnrin yìí ò bẹ̀ mí. Ó ní, "Ẹ kọ Mọ́ṣádé. Ẹ kọ Sùnmọ́nù tì í."

Mo ní, "Ṣé ẹbí ò ní bínú?"

Ó ní, "Wọ́n ti bínú tán. Kí ló kù?"

Ó dáa, ẹ wá gbọ́.

Sáìtì kan wà lẹ́yìn Odògbólú, lápá ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Ìmuṣin, níbi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe títì. Alhaji Zakariyah ló ni ín. Ẹ̀gbọ́n Mọ́ṣádé ni Zakariyah, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló gba àbúrò rẹ̀ yìí tọ́, tó rán an níwèé, tó sì gbà á síṣẹ́ nígbà tó ka ìwé nípa omi àti ilẹ̀ tán. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Mọ́ṣádé ń ṣe ní sáìtì náà: kó má jẹ́ kí omi ibẹ̀ ba odò jẹ́.

Ìjọba kì í dédé fún èèyàn láṣẹ kó máa wa ilẹ̀ kiri. Òjò tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí kàtàpílà ti họ, ẹrẹ̀ pupa ló máa ń dà. Àdéhùn tó wà nínú àṣẹ tí wọ́n fún Alhaji ni pé irú omi bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ dé odò láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dúró nínú adágún tí wọ́n gbẹ́ fún un. Inú adágún yẹn ni ẹrẹ̀ á ti rọlẹ̀, tí omi á tòrò. Bó bá tòrò tán, wọn á ṣí géètì fún un kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ Mọ́ṣádé nìkan ni kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn wà.

Ìsàlẹ̀ odò kan náà ni abúlé tí wọ́n bí i sí wà. Ìyá rẹ̀, Mùtíátù, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Zaka, ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe gaàrí àti fùfú níbẹ̀. Odò ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀gẹ́. Wọ́n tún gbẹ́ kòtò kéékèèké sí etí odò náà, tí omi ń gba inú wọn kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú títí á fi rọ̀. Ẹ ṣáà mọ àwa ọmọ Ìjẹ̀bú. Oúnjẹ tó bá ti ara ẹ̀gẹ́ jáde tí kò funfun, a ó kọ́kọ́ bi yín pé ta ló ṣe é.

Òjò ọdún yìí ò fi ti ẹnikẹ́ni ṣe. Adágún ti kún fún ẹrẹ̀ láti èṣí. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Mọ́ṣádé ti ń sọ pé kí wọ́n kó o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní, "A máa ṣe é." Wọn ò ṣe é títí òjò fi dé. Ibi tí wọ́n ti ń walẹ̀ wá di odò kékeré, omi mu kàtàpílà dé ikùn, àwọn típà tò sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò rí ilẹ̀ kó. Àwọn tó gbé iṣẹ́ títì fún Alhaji ti ń sọ pé bí kò bá lè ṣe é, kó jẹ́ kí ẹlòmíì wá ṣe é.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí ọ̀sán ṣe ń kanrí bọ̀, Zakariyah wá bá Mọ́ṣádé nídìí géètì. Agbádá funfun ló wọ̀, ó ti múra mọ́ṣáláṣí.

Ó ní, "Ṣí i."

"Bọ̀ọ̀dá mi, kò tíì tòrò. Ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe pọ́n bí epo ni?"

"Mo rí i. Ṣí i."

"Odò Màmá ló ń lọ o."

"Ṣé èmi ò mọ ibi tó ń lọ ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Wò mí lójú. Nígbà tí ẹbí ní kí o lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ta ló ní wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló ń fi ọ̀kadà gbé ọ lọ sílé ìwé ní Ìjagun nínú òjò?"

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ǹjẹ́ mo ti tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ rí?"

Kò tọrọ rí. Ibẹ̀ ló ti mú un. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tó tọ́ yín, ẹ mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ní èsì.

Zakariyah rí i pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, ó wá sọ èyí tó kù. "Jímọ̀ ni lónìí. Ta ló wà lódò?"

Òótọ́ ni. Ní abúlé wọn, obìnrin odò kankan kì í dé ìdí ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọn á lọ kírun, wọn á sinmi, ó di Sátidé kí wọ́n tó padà. Òfin àwọn ìyá ìyá wọn ni. Mọ́ṣádé rò ó wò: kò sẹ́ni tó máa pọn omi, kò sẹ́ni tó máa fọ nǹkan, kílẹ̀ tó mọ́ gbogbo rẹ̀ á ti ṣàn kọjá. Ó tún sọ fún ara rẹ̀ pé òjò náà ṣáà máa ń rú odò fúnra rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n bí sétí odò ló ń ro irú èyí o! Èèyàn ló ń lọ kírun, ẹ̀gẹ́ kì í kírun. Láti Ọjọ́rú ni ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin yẹn ti wà nínú kòtò, nínú omi, tó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mọ́ṣádé mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Lọ́jọ́ náà, ó gbàgbé, tàbí kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi: kò fẹ́ rántí.

Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Omi ya jáde gẹ̀ẹ́, ó pọ́n, ó ki, ó kọjú sísàlẹ̀.

Zakariyah gbá a léjìká. "O ṣeun, àbúrò mi." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ò gbọdọ̀ pẹ́ kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ ìwàásù láìsí òun.

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò láti lọ kó ẹ̀gẹ́. Igbe Ìyá Zaka ló jí àwọn tó ṣì ń sùn. Kò sí kòtò kan tí ẹrẹ̀ ò dí. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fa jáde ti pọ́n látòkè délẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún un fọ̀, kò mọ́. Omi tí wọ́n ń mu náà di ohun tí wọn ò lè fi sẹ́nu.

"Ta ló ṣe èyí?" Ohun tí gbogbo wọn ń bèèrè nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń bèèrè ni ẹnì kan rántí ìyàwó Síkírù, ọmọ ọ̀kan nínú wọn.

Moṣọpẹ́ lorúkọ ìyàwó náà, ọmọ Èkìtì ni, kò tíì pẹ́ tó wọlé ọkọ. Ọ̀nà méjì ló fi ṣẹ àwọn obìnrin odò. Èkíní, ìyàwó tuntun, ìsàlẹ̀ àwọn ìyálé ló yẹ kó ti máa rẹ ẹ̀gẹ́ tirẹ̀. Ó ní ìsàlẹ̀ ti kún, ó lọ gbẹ́ kòtò sókè. Èkejì, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ ní tirẹ̀, kò mọ ohun tí Jímọ̀ fi kan ẹ̀gẹ́. Ó wà lódò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn èèyàn sì rí i bó ṣe ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa dé orúnkún.

"Òun ló gbẹ́ ilẹ̀ lókè! Òun ló rú odò!"

Moṣọpẹ́ ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, omi ló bá mi níbẹ̀. Pupa ló ti ń bọ̀ látòkè. Díẹ̀ ló kù kó gbé èmi alára lọ."

"Irọ́!"

"Mi ò purọ́. Ṣé kòtò kékeré yẹn ló lè pọ́n odò tó báyìí?"

Wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo obìnrin odò, kó jẹ́wọ́, kó bẹ̀bẹ̀. Moṣọpẹ́ ní òun ò ní bẹ̀bẹ̀ ohun tí òun ò ṣe. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ìyá Síkírù ti sọ ọ́ síta gbangba: bí ìyàwó yìí ò bá kúnlẹ̀ lọ́la, kó di ẹrù rẹ̀ kó padà sí Èkìtì, àwọn ò lè tìtorí obìnrin kan di ọ̀tá gbogbo abúlé. Síkírù alára dákẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Irú ọkọ wo nìyẹn ná?

Mọ́ṣádé gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n fẹ́ lé ìyàwó oníyàwó lọ nítorí wa."

"Wọn ò ní lé e. Á kúnlẹ̀, á bẹ̀bẹ̀, ó tán. Kí ló wà nínú ìkúnlẹ̀?"

"Kò ṣe é!"

"Mọ́ṣádé, pa ẹnu rẹ mọ́. Èmi náà ń bọ̀ lọ́la, màá bá wọn parí ẹ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, ojúlé Ìyá Zaka kún. Àwọn obìnrin odò jókòó sórí àpótí àti ẹní, Moṣọpẹ́ dá dúró láàárín wọn bí ẹni tó jalè. Mọ́ṣádé náà ti wá, ó jókòó láàárín wọn. Zakariyah ti dé, wọ́n ti fún un ní àga onítìmùtìmù tó dára jù nínú ilé. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ sì wo bó ṣe sọ ọ́.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Àlejò ni, kò mọ àṣà wa. Kó ṣáà kúnlẹ̀, kí ẹ dárí jì í. Ní tèmi, màá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbí, kí ẹ lè máa rí omi gidi mu."

Ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un: Ọlọ́run á máa gbé e ga, àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní rí ìbànújẹ́. Ẹni tó da ẹrẹ̀ sínú omi wọn ni wọ́n ń ṣe àmín lé lórí o! Zakariyah ń tẹríba, ó ń ní, "Àmín, àmín."

Ọ̀rọ̀ náà ń bu Mọ́ṣádé jẹ níbi tó jókòó sí. Ó ní kì í ṣe ẹ̀rù ló ń ba òun mọ́, inú ló ń bí òun, ara òun gan-an ni inú sì ń bí òun sí jù.

Ìyá Zaka nawọ́ sí Moṣọpẹ́. "Ìyàwó, o gbọ́. Kúnlẹ̀."

Moṣọpẹ́ gbé orí sókè. "Màmá, ní àárọ̀ àti ní alẹ́ ni mò ń kúnlẹ̀ kí yín, mi ò sì ní ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ olè yìí, mi ò ní í ṣe é. Ilé ọkọ mi nìyí. Mi ò ní lọ síbì kankan."

Ariwo tún sọ. Ìyá Zaka pàṣẹ kí wọ́n dákẹ́. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ojú rẹ̀ tàn bí ti ẹni tó rí ọ̀nà àbáyọ.

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa jà. Ṣebí a ní ọmọ tó kàwé lórí omi. Mọ́ṣádé mi kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Dìde, sọ fún wọn. Kí ló ba odò wa jẹ́?"

Mọ́ṣádé dìde. Zakariyah wúkọ́. Ikọ́ náà gùn ju ikọ́ gidi lọ.

"Kì í ṣe Moṣọpẹ́," ni Mọ́ṣádé wí.

"Ta wá ni?"

"Èmi ni."

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bèèrè, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Adágún sáìtì ni mo ṣí. Omi tí kò tíì tòrò ni mo tú sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò tọ́, òfin kọ̀ ọ́, iṣẹ́ mi gan-an sì ni pé kí n má ṣe é."

Ìyá Zaka ò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bèèrè, "Ọjọ́ wo?"

"Jímọ̀, Màmá."

"Nígbà tí a wà ní mọ́ṣáláṣí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O wá dúró kí n lọ dojú kọ Ọlọ́run, kí o tó da ẹrẹ̀ sínú omi mi."

Mọ́ṣádé sọ fún mi pé gbogbo ohun tí wọ́n ti wí sí òun láti ìgbà náà, kò sí èyí tó wọ òun lára tó gbólóhùn yẹn.

Kó tó tún la ẹnu ni Zakariyah fò dìde lórí àga onítìmùtìmù. "Ẹ má dá a lóhùn! Èmi kọ́ ni mo ní kó ṣí i! Mi ò sí níbẹ̀ pàápàá!"

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i díẹ̀díẹ̀.

"Zakariyah, ta ló dárúkọ rẹ?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn tó ń ṣàdúrà fún un lẹ́ẹ̀kan ti ń wo ara wọn. Ó wá kọjú ìbínú rẹ̀ sí àbúrò rẹ̀.

"Ṣé bí o ṣe máa san oore mi nìyí? Èmi tí mo tọ́ ọ! Èmi tí mo rán ọ níwèé!"

Mọ́ṣádé ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, oore yín pọ̀, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Moṣọpẹ́ kọ́ lẹ rán níwèé. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun lẹ ní kó san án?"

Ẹnì kan nínú àwọn obìnrin pa òṣé. Ìyá Síkírù dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo iná nídìí ààrò, bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan nídìí ààrò rẹ̀. Moṣọpẹ́ dá a dúró.

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ní kí n di ẹrù. Ẹ tú u fún mi lójú gbogbo wọn."

Obìnrin àgbà náà sì tú u. Ó ní, "Ìyàwó mi, má bínú. Ilé rẹ nìyí."

Mọ́ṣádé lọ bá Moṣọpẹ́ lẹ́yìn náà, òun náà ní kó má bínú. Moṣọpẹ́ ní, "Àǹtí, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín." Mọ́ṣádé ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin á rò pé ó ti parí. Kò tíì parí. Àṣẹ kan náà tó ní kí omi dúró nínú adágún ló tún ní bí ẹ bá tú u sílẹ̀ láìtọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún ìjọba. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mọ́ṣádé pè wọ́n.

Ẹbí gbaná. Bàbá Ìbráhìm, àbúrò bàbá wọn, pè é láti Ìjẹ̀bú-Igbó.

"Mọ́ṣádé, wọ́n á ti sáìtì yẹn pa o! A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Bàbá, èmi ò lọ kóòtù. Odò ni mo ti ń bọ̀."

"Ọmọ ìyá rẹ ni!"

"Àwọn tó ń mu omi náà ńkọ́, Bàbá? Ọmọ ta ni wọ́n?"

Bàbá náà pa fóònù. Àwọn míì pè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan ní aláìmoore ni, àwọn kan ní ìwé ló dà á lórí rú. Ó ní ẹni tó bá wù kó pe òun lórúkọ tó bá wù ú, òun á máa jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun ò ní gba ọ̀rọ̀ òun padà. Zakariyah alára ránṣẹ́ pé kó ṣáà sọ pé òjò ló já géètì, pé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún un. Ó kọ̀.

Ìjọba rán obìnrin kan wá, Ayọ̀tọ̀míwá lorúkọ rẹ̀, ó wọ bàtà òjò dé orúnkún. Ó yí adágún ká, ó rí ẹrẹ̀ tó kún un dé ẹnu, ó rí ojú ọ̀nà pupa tí omi gbà lọ. Ìyá Zaka àti àwọn obìnrin odò ti rìn wá sí sáìtì náà, Moṣọpẹ́ wà láàárín wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìyá Zaka máa fojú rí ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń lówó.

Zakariyah ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Àṣìṣe ọmọdé ni. Òun ló dá a ṣí i, mo sì ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ayọ̀tọ̀míwá yíjú sí Mọ́ṣádé. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Mọ́ṣádé ní, "Ọwọ́ mi ló ṣí i. Ẹnu rẹ̀ ló ní kí n ṣí i. Mo lè kọ̀, mi ò kọ̀. Ẹ kọ orúkọ àwa méjèèjì."

"Irọ́ ló ń pa! Ta ló jẹ́rìí sí i?"

Kò sí ẹlẹ́rìí. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nídìí géètì lọ́jọ́ náà. Ayọ̀tọ̀míwá wo ẹ̀gbọ́n, ó wo àbúrò, kò mọ ẹni tí òun á gbà gbọ́. Ó rọra kọjú sí ìyá àgbà tó dúró létí adágún.

"Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ni àwọn méjèèjì. Mi ò fẹ́ fi yín sínú wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ máa lọ sílé, ẹ lè máa lọ."

Zakariyah ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Ìyá Zaka wo omi pupa tó wà nínú adágún. Ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe òun láti ọjọ́ tó ti bí i. Ó wo Mọ́ṣádé, ojú tó fi wò ó náà ò rọ̀.

Ó ní, "Kọ méjèèjì, ọmọ mi. Èmi ni mo bí wọn, mo mọ èyí tó ń purọ́."

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti sáìtì pa.